Kókó inú àyà: ṣé ihò kékeré lè gbà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin lọ ya àwòrán àyà nítorí ikọ́, ni wọ́n bá rí kókó kan, sẹ̀ǹtímítà 4, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà ní ó jọ schwannoma, pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé ihò mẹ́ta àti kámẹ́rà làwọn máa fi yọ ọ́. Tí kì í bá ṣe jẹjẹrẹ, kí ni wọ́n ń yọ ọ́ fún? Ihò kékeré wo ló sì máa gba kókó yẹn jáde?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aájò àbúrò yín. Ara èèpo tó bo iṣan ìmọ̀lára ni schwannoma ti ń hù. Kì í sáábà tàn ká, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà níbi tí kò sí àyè, lábù nìkan ló sì lè sọ ohun tó jẹ́ gan-an lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́.

Ẹ béèrè MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágnẹ́ẹ̀tì yà, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Nínú irú kókó iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá máa ń na ìrù wọ ibi tí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn wà. Ẹni tó bá fa irú rẹ̀ láìmọ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ aláìsàn sì rọ. Tí ìrù bá wà, oníṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí i.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, rọ́bà ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n ń tì bọ ọ̀nà èémí: ẹ̀dọ̀fóró kan ń mí, èkejì á rọ bíi bàlúùnù tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀, àyè á sì ṣí sílẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 3, wà láàárín eegun ìhà. Wọn kì í fi irin ya ìhà, èyí tó ń dun ni jù nínú iṣẹ́ abẹ àtijọ́. Inú àyà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kó kókó sínú àpò ọ̀rá, kí èérún rẹ̀ má bàa kù sílẹ̀. Ó rọ̀, ó ṣeé fún; bí kò bá gbà, wọ́n á fẹ ihò kan díẹ̀.

Ṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ṣe é rí? Ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀dọ̀fóró lè ti lẹ̀ mọ́ ìhà, kí wọ́n sì ní láti la àyà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya, bákan náà ni.

Lẹ́yìn náà, rọ́bà kan á so ìhà rẹ̀ mọ́ ìgò omi. Ẹ má gbé ìgò náà ga ju àyà rẹ̀ lọ, omi lè padà wọlé. Tí omi inú rẹ̀ bá ṣì ń hó nígbà tó bá wúkọ́, afẹ́fẹ́ ṣì ń jò lára ẹ̀dọ̀fóró, rọ́bà kò tíì ṣeé yọ.