Eyín Iwájú Tí Kò Pàdé: Kí Ló Jókòó Sáàárín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Àkọ́bí mi obìnrin pé ọdún 8 ní oṣù tó kọjá. Bó bá pa ẹnu dé, eyín inú lókè àti nísàlẹ̀ a kan ara wọn, ṣùgbọ́n ti iwájú kì í pàdé. Àlàfo tó wà níbẹ̀ gba orí ìka mi. Ìyá ọkọ mi ní èjí ni, pé ẹwà ni, kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Àbúrò mi ní kí n tètè lọ fi wáyà sí i kó tó pẹ́ jù. Ọmọ náà ṣì ń mu àtàǹpàkò bó bá fẹ́ sùn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?
Ìyá Àyọ̀ká, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Àyọ̀ká, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí màmá, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé èjí kọ́ nìyí. Èjí ni àlàfo tó máa ń wà láàárín eyín méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ènìyàn sì lè ní èjí kí eyín òkè rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀ pàdé dáadáa. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jẹ́ àlàfo láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn dókítà eyín ń pè ní open bite. Bí eyín bá wà bó ṣe yẹ, ti òkè máa ń bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ níwájú, bí ọmọrí ṣe ń bo etí ìkòkò, ibẹ̀ la sì fi ń gé oúnjẹ. Ẹ fún ọmọ náà ní máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí kan, kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Bó bá ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kó lè rí i ha lára kóró, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹwà. Ẹ tún ní kó pe “sáré”, “sùúrù” àti “sísè”. Bí ahọ́n bá ń yọ síta tí atẹ́gùn sì ń sá gba àárín eyín, àlàfo náà ló fà á. Kì í ṣe akólòlò, kò sì jọ ti àwa tí ẹ̀ka èdè wa máa ń sọ “ṣ” di “s”.

Eyín tó bá ń hù kì í dúró títí yóò fi kan èyí tó dojú kọ ọ́. Bí ohun mìíràn bá wá jókòó sáàárín, ibẹ̀ ni yóò dá dúró sí. Nítorí náà, kí n tó sọ̀rọ̀ wáyà rárá, mo máa ń bèèrè ohun tó jókòó síbẹ̀, nítorí pé bí a bá fi wáyà fa eyín pọ̀ láì lé ohun náà kúrò, àlàfo yóò tún là lẹ́yìn tí a bá ti náwó tán. Lọ́dọ̀ ọmọ yín, àtàǹpàkò ni mo kọ́kọ́ fura sí. Iye wákàtí tí ìka fi ń wà lẹ́nu ló ń ṣe iṣẹ́ náà ju agbára tí ọmọ fi ń fà á lọ. Ọmọ tó bá sùn lọ pẹ̀lú ìka lẹ́nu lè gbé e síbẹ̀ di ìdájí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún 2 sí 4, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ ọdún 3 nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 6 ni eyín iwájú tó máa bá ọmọ dàgbà ti ń hù, ìgbà yẹn ni ìka di ọ̀rọ̀. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọmọ ọdún 8 bá fi ìka sílẹ̀ pátápátá, àlàfo náà sábà máa ń dín kù láàárín oṣù díẹ̀, nígbà mìíràn a sì pa dé láìsí wáyà kankan.

Mo mọ̀ pé ewúro ni àwọn ìyá wa máa ń fi pa ìka, àwọn mìíràn a sì fi ata. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ata sílẹ̀, nítorí pé ìka kan náà ni ọmọ yóò fi nu ojú lóru. Ewúro kò léwu, àmọ́ ọmọ tí kò tíì gbà láti jáwọ́ yóò lá a kúrò, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ti pàdé èyí tó ní kò tilẹ̀ korò mọ́ lẹ́nu òun. Ohun tó sàn ni kí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé àtàǹpàkò náà bó bá fẹ́ sùn, kí ẹ jẹ́ kó máa fàmì sí kàlẹ́ńdà fún gbogbo òru tí kò bá mu ún, kí ẹ sì yìn ín lójú bàbá rẹ̀.

Ẹ tún wo ahọ́n, nítorí pé òun ló máa ń jogún ààyè tí ìka bá fi sílẹ̀. Ẹ jókòó dojú kọ ọmọ náà, kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí ẹ fi ìka méjì la ètè rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ní kó gbé omi náà mì. Bí ahọ́n bá yọ wá dí àlàfo náà, ó nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé nǹkan mì pẹ̀lú ṣóńṣó ahọ́n lókè, níbi tó máa ń kàn bí a bá pe “l”. Lóru, ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá ń hanrun, tó sì ń fi ẹnu mí, ó lè jẹ́ pé ẹran tó wà lẹ́yìn imú tàbí ti inú ọ̀fun ló wú, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló sì ni ìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé bélubélu rẹ̀ nílé. Gígé e kò ní ṣí imú, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà.

Bí ọmọ náà bá ti fi ìka sílẹ̀ fún oṣù 6 tí ẹ kò rí ìyàtọ̀, tàbí tó gbìyànjú títí tí kò lè fi í sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Wọ́n lè fi wáyà kékeré kan há ẹ̀yìn eyín òkè, èyí tí kì í jẹ́ kí ìka tàbí ahọ́n rí ibi jókòó sí. Tó bá gba ọwọ́ àwọn tí títo eyín jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an, wọ́n wà ní UCH ní Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn OAU ní Ilé-Ifẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo ń ránṣọ nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Láti kékeré ni n kò ti lè fi eyín iwájú já òwú, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín ìyá mi rí. Ní báyìí, bí mo bá mu omi tútù, eyín inú a máa ta mí. Mo ra rọ́bà kéékèèké kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní a ń fi so eyín iwájú pọ̀, mo sì ti lò ó fún ọjọ́ 4. Ṣé kò ti pẹ́ jù fún mi?
Télọ̀, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, kò pẹ́ jù. Eyín a máa rìn nínú egungun lọ́jọ́ orí èyíkéyìí bí a bá rọra tì í, bí èrìgì bá ti ní ìlera. Ohun tó yàtọ̀ sí ti ọmọ Ìyá Àyọ̀ká ni pé egungun yín ti dàgbà tán, àti pé bí ti ìyá yín náà ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé egungun àgbọ̀n ló fà á. Àwòrán orí tí wọ́n bá yà láti ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi hàn.

Ẹ mú àlùmọ́gàjí yín, kí ẹ fi ègé aṣọ kékeré há ìdí rẹ̀ níbi ìṣó, kí ẹ wá gbìyànjú láti pa á dé: ẹnu rẹ̀ yóò là sílẹ̀ gbàgà. Bẹ́ẹ̀ ni eyín inú tó bá ga jù ṣe ń la iwájú. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè kan skúrù tíńtín mọ́ egungun, tí yóò fi máa rọra ti eyín inú wọlé. Bí wọ́n bá wọlé ní mílímítà 1, ti iwájú lè pa dé ní bíi 2 sí 3. Èyí àti wáyà lè gbà tó ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé egungun òkè sípò, pẹ̀lú wáyà ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ ó máa fi ike kan sẹ́nu lóru fún ọdún púpọ̀, nítorí pé irú àlàfo yìí fẹ́ràn láti padà wá. Eyín inú tó ń ta yín, àwọn nìkan ló ti ń gbé ẹrù ẹnu yín láti kékeré. Ó ṣeé ṣe kí ara wọn ti jẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

Ní ti rọ́bà, ẹ bọ́ ọ lónìí. Rọ́bà yẹn kò lè pa àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ dé, eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ń fà pọ̀. Ìdí eyín tó wà nínú èrìgì tín-ín-rín ju orí rẹ̀ lọ, rọ́bà a sì máa yọ̀ gòkè lọ sábẹ́ èrìgì níbi tí ojú kò ti ní rí i mọ́, yóò máa jẹ egungun tó di eyín náà mú títí eyín tó le koko yóò fi máa mì. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ fi sí i bá ti sọnù tí ẹ kò rí i kó bọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe gbà pé ẹ ti gbé e mì. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́la, kí ẹ sì mú àwọn tó ṣẹ́ kù dání kó lè mọ ohun tó ń wá.