Ṣé ìlú kan náà ni Tire àti Sidoni?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ìlú kan náà ni Tire àti Sidoni, torí Bíbélì máa ń dárúkọ wọn pọ̀. Rárá o, ìlú méjì ni, etí òkun Lẹ́bánónì ni méjèèjì wà dòní, àárín wọn ò ju bíi kìlómítà 40 lọ. Láyé àtijọ́, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, àmọ́ kálukú ló ní ọba tiẹ̀, wọ́n sì máa ń bára wọn díje gan-an. Hiramu tó fi igi kedari ránṣẹ́ sí Solomoni, ọba Tire nìyẹn.

Ibi tó wá dùn jù ni pé erékùṣù ni Tire nígbà yẹn, kò rọrùn fún ọ̀tá láti wọ̀ ọ́, ìgbà tí Alexander Ńlá, ọba Makedóníà, dé ní 332 ṣáájú Kristi ló ní kí wọ́n wó ilé àtijọ́ tó wà lódìkejì lórí ilẹ̀, wọ́n ń da òkúta ẹ̀ sínú òkun títí ó fi di ọ̀nà, oṣù méje gbáko ni wọ́n fi dó tì í! Ẹ sì wò ó o, ọkọ̀ ojú omi Sidoni wà lára àwọn tó ran Alexander lọ́wọ́ láti gbógun ti Tire (mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá wọn lẹ́bi ṣá, wọ́n ti túúbá fún un tẹ́lẹ̀). Ara ọ̀nà yẹn ni yanrìn ń kó jọ sí, bí Tire ò ṣe jẹ́ erékùṣù mọ́ nìyẹn.