Èsì: Ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ máa tọwọ́ bọ̀wé ilé ní Houston

Ẹ kú oríire o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bèèrè ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kí ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé ilé tẹ́ ẹ ń fowó yíyá rà tó pé. Closing Disclosure (ìwé tó to àdéhùn owó tẹ́ ẹ yá àti gbogbo owó tẹ́ ẹ máa san lẹ́sẹẹsẹ) gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 ṣáájú, ó kéré tán. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Loan Estimate (ìwé ìfojúdíwọ̀n owó tí ayánilówó ti kọ́kọ́ fún yín), kẹ́ ẹ yẹ owó ibẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Owó fífi ránṣẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ímeèlì bá dé lójijì pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, ẹ má sanwó o! Iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni. Nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pe title company (ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìwé ilé àti owó tẹ́ ẹ máa san). Ẹ tún ilé náà wò kẹ́ ẹ tó lọ: ẹ ṣí omi, ẹ tan éèsì (ooru Houston kì í ṣeré). Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tí kò tíì kọjá àsìkò dání.