Èsì: Ìdí tí wọn kò fi tètè gba Wegener gbọ́
Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ ìdí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ Alfred Wegener, pé àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì ń sún kiri, fún nǹkan bí 50 ọdún, nígbà tí ẹ̀rí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1912 ni ará Jámánì náà ti ń sọ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì jẹ́ rí, tí ó sì ń tọ́ka sí bí etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe bá ti Áfíríkà mu, àti sí egungun Mesosaurus, ẹranko kékeré tí kò lè wẹ òkun Àtìláńtíìkì já, tí wọ́n rí nínú òkúta ní ìhà méjèèjì. Ohun tí kò rí ṣàlàyé ni agbára tó ń ti àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì kiri. Èyí tó dábàá kéré jù, Harold Jeffreys, onímọ̀ ìṣirò ará Bìrìtìkó, sì fi ìṣirò hàn bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, pé onímọ̀ ojú ọjọ́ ni Wegener wà lára ohun tó mú kí wọ́n fojú tín-ín-rín wò ó. Ó kú sí Greenland ní 1930. Ìsàlẹ̀ òkun ni ìdáhùn wà: ní 1962, Harry Hess, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ilẹ̀ tuntun ń jáde láàárín òkun, ó sì ń sún sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ó ń gbé àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì lọ; ní 1963, àwọn onímọ̀ ará Bìrìtìkó méjì, Vine àti Matthews, rí ẹ̀rí èyí nínú àmì òòfà tó wà lára òkúta ibẹ̀.