Etí erin tó ń rà nínú pálọ̀: omi ló ń pa á

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní àràárọ̀ lẹ̀ ń bomi rin etí erin yín, èyí tí wọ́n ń pè ní aloe vera, pé ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ń rọ̀ láti ìdí. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ló ń pa á.

Mẹ́ta ni mo pa kí n tó gbọ́n. Ìyá mi ló hú wọn fún mi lẹ́yìnkùlé rẹ̀, mo sì gbìn wọ́n sínú ìkòkò aláwọ̀ mèremère tí kò nihò nídìí, nílé wa ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí. Oṣù Keje ni, òjò ò dá, èmi náà ò sì yé bu ife omi kan fún wọn lójoojúmọ́. Nígbà tí mo di ìkẹta mú pé kí n wò ó, ewé nìkan ló bá ọwọ́ mi wá. Gbòǹgbò tó kù nílẹ̀ ń já bí òwú tó ti gbó, erùpẹ̀ sì ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún fùfú. Ó dùn mí gan-an.

Inú ewé ni àmù etí erin wà, ìdí nìyẹn tó fi nípọn. Ọ̀dúndún àti àbámodá náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ihò wínníwínní tí ewé fi ń mí, ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ewéko ń ṣí tiwọn. Òru ni etí erin ń ṣí tirẹ̀, kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ohun tó ń ṣọ́ omi lò tó báyìí, bí ẹ bá rì í sínú ẹrẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́, yóò jẹrà ni.

Ẹ fà á yọ lónìí. Gbogbo ibi tó bá ti rọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé e títí ẹ ó fi kan ibi tó le. Omi yẹ́lò tó bá ń ṣẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọdé má fi sẹ́nu o, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ márùn-ún, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má bẹ̀rù, ó lè dúró bẹ́ẹ̀ láìmu omi.

Yanrìn àwọn bíríkìlà, èyí tó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́, ni kí ẹ wá: abọ́ méjì sí abọ́ kan ilẹ̀ dúdú. Ìkòkò amọ̀ ló dáa jù. Bó bá jẹ́ ike lẹ ní, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀.

Kí ẹ tó bomi, ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀. Bó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Lásìkò òjò, mo máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìbomi sí i. Lásìkò ọyẹ́, bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu ú, kó jò nídìí dáadáa, kí ẹ sì da èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àwo nù.

Ìkẹrin tí ìyá mi fún mi ti lo ọdún mẹ́fà lójú fèrèsé, ọmọ méje ló ti yọ nídìí rẹ̀. Bí tiyín ò bá yè, tí ẹ sì wà nítòsí Òṣogbo, ẹ wá mú ọ̀kan.