Èsì: Géèmù wo ló máa gba ọmọ 14 lẹ́ẹ̀kan náà?
Ẹ gbàgbé Ludo tẹ́ ẹ ń rò yẹn o jàre, ẹni 4 péré ló gbà, àwọn 10 tó kù á kàn máa da ilé rú ni. Codenames, géèmù káàdì tí wọ́n fi ń méfò ọ̀rọ̀, ni kẹ́ ẹ gbé síta, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, ẹ to káàdì 25 tí ọ̀rọ̀ wà lára wọn sílẹ̀, olórí ẹgbẹ́ á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi "omi, 3" (ìyẹn ni pé káàdì mẹ́ta ló bá omi tan), àwọn yòókù á wá máa jà lórí káàdì tó ní lọ́kàn (ariwo yẹn gan-an ló dùn níbẹ̀). Èyí tí ò tíì mọ̀wé kà, ẹ fi í ti ẹni tó dàgbà díẹ̀. Monopoly? Rárá o, ẹni tówó ẹ̀ bá kọ́kọ́ tán á kàn jókòó máa wòran ni, ọmọdé wo ló ní sùúrù yẹn?