Ta ló sọ pé kọ̀ǹpútà mọ èyí tó dára jù?

Ìbéèrè: Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń sin adìẹ. Mo kan ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin, gílóòbù ló ń mú un gbóná. Ọmọkùnrin kan ní òun á gba ₦45,000, òun á fi MATLAB, sọ́fítíwíà ìṣirò kan, wá nọ́ńbà PID tó dára jù lọ, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́ta tó ń pinnu bí iná ṣe máa pọ̀ tàbí dín kù kí ooru má baà yẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ló máa yàn án, kò lè ṣì í. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ “tó dára jù lọ” yìí.

MATLAB, YALMIP, CasADi, èyíkéyìí tó bá lò nínú irú sọ́fítíwíà ìṣirò wọ̀nyí, nǹkan méjì ni yóò béèrè: àwòṣe, ìyẹn ìṣirò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ yín, àti òṣùwọ̀n tí yóò fi mọ èyí tó sàn. Iṣẹ́ tí ẹ bá rán an ló ń jẹ́. Bí ẹ bá ní kí ooru ṣáà tètè dé 37.5°C, tí ẹ ò bu owó kankan lé iná tó ń lò, nọ́ńbà ni yóò máa sọ di ńlá. Ẹ bi ọmọ náà: láti èló dé èló ló ní kó wá a? Bó bá jẹ́ 0 sí 1000, tí èsì sì jẹ́ 1000, ògiri ló forí sọ, kò rí nǹkan kan.

Ẹnìkan gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ń dán gbinrin. A so ó mọ́ ẹ̀rọ, rílè, ìyẹn súìṣì tó ń tan gílóòbù tó sì ń pa á, bẹ̀rẹ̀ sí í ké ta-ta-ta títí ó fi jóná. Àwòṣe rẹ̀ ò mọ̀ pé gílóòbù ń mú nǹkan gbóná ni, kì í mú un tutù. Ẹ ṣílẹ̀kùn láti yí ẹyin, PID á máa kó àṣìṣe, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín ooru tí ẹ fẹ́ àti èyí tó wà, jọ bíi gbèsè. Ẹ tì í tán, á san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ooru á fò kọjá, ọlẹ̀ inú ẹyin á kú.

Iná tiwa ńkọ́? Bó bá já láti 240 fólítì sí 180, agbára gílóòbù á ṣẹ́kù bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹ̀rọ mìíràn nìyẹn, kì í ṣe èyí tó ṣírò. Kì í ṣe ọmọ yẹn nìkan ni irú èyí bá o. LQG, ọ̀nà ìdarí ẹ̀rọ kan tí ìṣirò fi hàn pé ó dára jù, ní 1978 ni John Doyle, onímọ̀ nípa ìdarí ẹ̀rọ, fi hàn pé kò ní àyè ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan tó dájú: ẹ̀rọ lè yàtọ̀ sí àwòṣe díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ dojú rú.

Yàrá mẹ́ta mẹ́rin tí ooru wọn ń kọlu ara wọn ló yẹ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀. Tiyín, gílóòbù kan, sẹ́ńsọ̀ kan! Ẹ kó ẹyin kúrò, ẹ tan iná sí ìdajì, ẹ máa kọ ooru sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú títí kò fi ní gòkè mọ́. Ọ̀fẹ́ ni Octave, sọ́fítíwíà ìṣirò bíi MATLAB, ó lè fa àwòṣe jáde nínú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Ìlànà yíyan nọ́ńbà PID tí Ziegler àti Nichols gbé jáde ní 1942 á fún yín ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dín in kù, ó máa ń le jù.

Mi ò rí ẹ̀rọ yín o, n ò sì ní san owó ẹyin. Kí oníṣẹ́ iná fi témọ́sítáàtì ọ̀tọ̀ sí i tí yóò gé iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀ jù. ₦45,000 yẹn, ẹ yọ owó sẹ́ńsọ̀ gidi méjì níbẹ̀, kí ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí ẹyin wà gan-an.